Oúnjẹ Alẹ́ Lórí Odò Thames

Bí ẹ bá dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó rí ọkọ̀ tí ènìyàn lè jẹun alẹ́ nínú rẹ̀ lórí odò Thames. Nígbà tí àwa àti aya wa ń ṣe ìrántí ìgbéyàwó wa níbẹ̀, oúnjẹ àti iye owó nìkan ni a fi yan ọkọ̀. Oṣù Kejìlá ni. Oòrùn ti wọ̀ láti nǹkan bí agogo mẹ́rin. Àárín ọkọ̀ ni wọ́n fi wá sí, lábẹ́ iná; bí a ti wo fèrèsé, ojú ara wa ni a rí. A kọjá níwájú ilé ìsìn St Paul's, tí a kọ́ parí ní 1710, àti lábẹ́ afárá Tower Bridge, tí a ṣí ní 1894, a kò mọ̀.

Aya wa ní, “Bàbá Délé, odò náà dà?” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá dé ọkàn.

Nítorí náà, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ ní oṣù Kẹfà, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ títí agogo mẹ́sàn-án yóò fi kọjá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé, àti bí ààyè bá wà láti gun òkè ọkọ̀. Oúnjẹ ń bẹ nílé. Odò ni a bá lọ.