Bí mo ṣe fẹ́ fi YouTube kan òrùlé Màmá àgbà

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Ìjì jà ní Fìdítì lọ́dún tó kọjá, ó ṣí páànù lórí yàrá Màmá àgbà. Káfíńtà wò ó, ó sọ iye tó máa gbà. Mo ní rárá o. Kí ló le nínú kíkan páànù? Ṣebí mo ní dátà, mo sì ní òòlù.

Kí n má purọ́ fún yín, owó nìkan kọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi lórí òrùlé ni.

Odidi Sátidé kan ni mo fi ṣe é. Mo ya fọ́tò, ẹ fún mi ní likes, mo padà sí Ìbàdàn.

Ọjọ́ kẹta lòjò dé. Màmá ò pè mí. Aládùúgbò ló pè: wọ́n bá wọn lórí àga ní pálọ̀, bẹ́ẹ̀dì ti rin gbingbin. Ẹni ọdún 82.

Mo padà lọ bẹ káfíńtà yẹn. Ó gòkè, ó ní, "Àbúrò, ta ló kan ìṣó sójú omi?"

Ẹ wo páànù dáadáa: ó níbi tó ga, ó níbi tó rì. Ibi tó rì lomi ń gbà ṣàn. Ibi tó ga ni wọ́n ń kan ìṣó sí. Èmi kàn án síbi tó rì, torí ibẹ̀ ló fara kan igi. Gbogbo ìṣó mi wá di ọ̀nà fún omi.

Mo bẹ Màmá. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé bàbá ẹ àgbà nìkan ló kọ́lé yìí? Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀." Àwọn ọkùnrin agboolé ló po amọ̀, tí wọ́n mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó lé òmíràn. Iṣẹ́ bàbá àgbà ńkọ́? Oúnjẹ, ẹmu, kí wọ́n sì dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibẹ̀ lojú mi là. Kéèyàn gbéṣẹ́ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi gbogbo owó ránṣẹ́ láti Èkó sí agbaṣẹ́ṣe kan ní Ìlọrà lẹ́ẹ̀kan náà. Koríko ló hù lórí ìpìlẹ̀ yẹn báyìí.

Torí náà, èmi fúnra mi ni mo ra páànù. Ogún ló wà nínú búńdù kan, mo kà á. Mo pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta: ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, èyí tó kù di ẹ̀yìn òjò. Mo dúró nísàlẹ̀, mò ń na ìṣó sí káfíńtà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe Màmá láàárọ̀. "Màmá, ṣé òjò rọ̀ lánàá?"

"Wọ́n ló rọ̀. Mo ti sùn ní tèmi."

Mo fi owó káfíńtà tó kù ránṣẹ́.