Ọ́ìlì Tí A Rà fún Alùpùpù Àtijọ́

Nígbà tí a ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá wa yá wa ní alùpùpù wọn, BMW R60/5, ọ̀kan nínú irú èyí tí a ṣe ní Berlin láàrin ọdún 1969 sí 1973. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé bí jíà rẹ̀ bá bàjẹ́, owó oṣù mẹ́ta olùkọ́ kò lè ra òmíràn.

Alùpùpù yìí kò ní ṣéènì. Ọ̀pá irin ni ó ń gbé agbára láti inú àpótí jíà lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí jíà méjì tí a gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ti ń yí táyà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í dé ibẹ̀; àpótí jíà ní tirẹ̀, ọ̀pá ní tirẹ̀, jíà ẹ̀yìn náà sì ní tirẹ̀.

Ọkùnrin tí ń tún alùpùpù ṣe nítòsí wa ní kí a da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 50 sí i. Ẹni tí ń ta ọ́ìlì ní 90 ni kí a rà, ṣùgbọ́n kí a sá fún GL-5, nítorí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ a máa jẹ idẹ. (Àwa tilẹ̀ rò pé 90 ki ju 50 lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀. Ọ́ìlì jíà 90 àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ ki bákan náà.)

Ọ̀ràn idẹ ni kò jẹ́ kí a sùn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti ẹ̀rọ mìíràn ni. Jíà ẹ̀yìn Sunbeam S7, tí BSA ṣe lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945, idẹ ni. Àpótí jíà ọkọ̀ àtijọ́ púpọ̀ sì ní òrùka idẹ. Tiwa kò ní irú òrùka bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, eyín irin ni ó ń tẹ eyín irin, tí ó sì ń yọ̀ lára rẹ̀, títí ọ́ìlì lásán yóò fi fún jáde láàrin wọn. Nígbà náà ni imí-ọjọ́ ń di awọ fẹ́lẹ́ sára irin, kí eyín má baà jẹ eyín. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe é fi ní kí a lo ọ́ìlì jíà SAE 90, irú ti GL-5. Òun ni a rà.

A gùn ún títí ó fi gbóná. Bóòtì òkè ni a kọ́kọ́ tú, nítorí bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti dà nù, kí ni à bá ṣe? Lẹ́yìn náà ni a tú ti ìsàlẹ̀. Ohun dúdú ni ó ṣàn jáde. A fi ìka wá inú rẹ̀ níwájú fìtílà, àyà wa ń já: ẹrẹ̀ irin kíkúnná nìkan ni, kò sí èérún eyín kankan. A da 800 mílílítà sínú àpótí jíà, àti 250 sí ẹ̀yìn, títí ó fi kan etí ihò.

Ní ọjọ́ kejì, bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, àwọn tí ó wà ní ìlà iwájú ń di imú. Òórùn imí-ọjọ́ kò tíì kúrò ní ọwọ́ wa.