Lẹ́tà lọ́yà bàbá ọmọ

Ẹ̀yin obìnrin wa tẹ́ ẹ wà ní England, lẹ́tà tí lọ́yà bàbá ọmọ yín kọ kì í ṣe àṣẹ kọ́ọ̀tù o. "Ẹ fèsì láàárín ọjọ́ 7" tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, adájọ́ ò mọ̀ sí i. Ohun tí oníbàárà rẹ̀ wí fún un ló ń kọ. (Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni àwọn kan sì fẹ́ràn láti fi í ránṣẹ́, kí oúnjẹ má lè kọjá lọ́nà ọ̀fun yín títí di Mọ́ńdè. Ìwà burúkú gbáà ni.)

Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó fèsì. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fèsì, ẹ mú ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan: ọjọ́ wo ni yóò lọ, ta ni yóò mú un wá, ilé-ìwé rẹ̀ ńkọ́? Èébú tó wà nínú lẹ́tà náà, ẹ fò ó. Òfin Children Act ti ọdún 1989 ní ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣíwájú, ó sì ṣeé ṣe kó ka èsì yín lọ́jọ́ kan. Ìwé tó bá ní èdìdì kọ́ọ̀tù lára ló yàtọ̀; ìyẹn, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.