Kí Ni Jíìpù Náà Máa Gbé?

Ìbéèrè tí àwọn tó ra jíìpù tòkúnbọ̀ máa ń gbé wá bá àwa mẹkáníìkì ní Pópó Yemọja n'Ìbàdàn kì í pé méjì: sípíríǹgì wo ló dáa jù? Ẹni kan ti gbọ́ orúkọ Old Man Emu ti àwọn ará Ọsirélíà, ẹlòmíì ti gbọ́ Bilstein ti Jámánì, ẹni tí kò sì gbọ́ orúkọ kankan kàn ń fẹ́ kí ọkọ̀ òun ga ju ti aládùúgbò lọ ni. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ti fo ọ̀kan tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Ẹrù wo ni ọkọ̀ náà máa gbé, ọ̀nà wo ló sì máa gbà? Kì í ṣe èmi ni mo dá ìbéèrè yìí sílẹ̀. Òun ni àwọn àgbà tó kọ́kọ́ tún ìdí ọkọ̀ ṣe ní ìlú yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àárín ọ̀nà ni iṣẹ́ wa ti gbàgbé rẹ̀, ẹni tó bá sì tọ ìtàn iṣẹ́ náà lẹ́yìn yóò rí ibi tó ti já bọ́ lọ́wọ́ wa, yóò sì rí ìdí tó fi yẹ ká padà lọ mú un.

Láyé ìgbà tí lọ́rì Bedford àti Austin ń kó kòkó láti ìhà Akanran àti àwọn oko Ìbàdàn yòókù wọ ìlú, léèfù ni ọkọ̀ akẹ́rù fi ń gbéra: irin pẹlẹbẹ mélòó kan tí wọ́n tò lé ara wọn, tí èyí tó gùn jù wà lókè, tí èyí tó kúrú jù wà nísàlẹ̀, tí bóòtù sì dì wọ́n mọ́ ásììlì. Òkèèrè ni èńjìnnì àti ṣáàsì ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà ìlú wa ló ń kan pákó ara bọ́lẹ̀kájà, nítorí náà lọ́rì méjì kì í sábà wúwo bákan náà. Òmíràn ń gbé èrò àti agbọ̀n ọjà, òmíràn ń gbé àpò kòkó, òmíràn ń gbé gẹdú. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ èyí tí ọkọ̀ náà jẹ́ kò ní ohun tó máa ṣe sí i. Bí ẹrù bá pọ̀, ó fi léèfù kan kún un. Bí awakọ̀ bá yí padà sí èrò gbígbé, ó yọ ọ́ kúrò kí ọkọ̀ má baà máa ju èrò sókè. Bí ọ̀kan bá dá, ọ̀kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń lọ, nítorí irin yẹn kò ṣàjèjì sí wọn: títí dòní, ara léèfù ọkọ̀ tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ àdá àti ọkọ́ ilẹ̀ Yorùbá ti ń jáde. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ yóò fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà ní tútù, tàbí kó fi iná sí i kó sì dá líle irin náà padà fún un. Èyí tí wọ́n kàn fi iná mú rọ̀ lásán kò ní pẹ́ tún tẹ́.

Ohun kan tún wà lára léèfù tó kan ọ̀rọ̀ wa. Àwọn irin náà máa ń ha ara wọn bí wọ́n ti ń tẹ̀ tí wọ́n sì ń nà, híha yẹn ló ń dín jíjó ọkọ̀ kù. Nítorí náà iṣẹ́ wa dàgbà láì ka ṣọ́ọ̀kì, tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà jẹ́ láti dín jíjó ọkọ̀ kù, sí. Ṣọ́ọ̀kì tó ti jò, wọ́n á ní kó ṣì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Àṣà yẹn la gbé wọ ìgbà jíìpù, ó sì ń ná àwọn oníbàárà lówó títí di ìsinsìnyí.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fúnra wọn kò fìgbà kan jáwọ́ nínú ìbéèrè ẹrù. Ẹ wo Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Èyí tí àwọn ọ̀gá ìjọba ń gùn nígbà náà ní kọ́ìlì méjì, ìyẹn irin roboto tí wọ́n lọ́ yípo, lẹ́yìn. Wágọ̀n rẹ̀, tó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú, ní mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì padà sórí léèfù. Orúkọ kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹrù ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Land Rover, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú léèfù ní 1948, tí ilé iṣẹ́ Leyland sì tò ní Ìbàdàn níbí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe èyí tí ara á máa tu olówó nínú rẹ̀, wọ́n gbé Range Rover jáde ní 1970 pẹ̀lú kọ́ìlì; ọdún 1983 ni kọ́ìlì tó dé ara Land Rover One Ten. Ọ̀nà kan náà ni Toyota tọ̀. Land Cruiser 60 ti 1980 ń lo léèfù níwájú àti lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ 80 tó dé ní 1990 ń lo kọ́ìlì, ọ̀pọ̀ 100 tó jáde ní 1998 sì ń lo ọ̀pá tọ́ṣọ̀n, irin gbọọrọ tó ń lọ́ dípò kó tẹ̀, níwájú. Ṣùgbọ́n Land Cruiser 70 akẹ́rù, tó ti wà láti 1984, tí àwọn awakùsà àti àwọn elétò ìrànwọ́ ń lò káàkiri Áfíríkà, léèfù ló ṣì fi ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé Toyota kò mọ kọ́ìlì í ṣe. Ẹrù ni ọkọ̀ yẹn ń gbé.

Lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí apá òṣìṣẹ́ kò ká mọ́. Tòkúnbọ̀ ló gba ìlú, òmíràn gba Kútọnu wọlé, òmíràn gba èbúté Èkó. Bí jíìpù inú wọn ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ní léèfù tí a lè fi kún tàbí yọ kúrò ń dín kù. Kọ́ìlì kò gba àfikún. Odindi rẹ̀ la ń pààrọ̀. Ọ̀pá tọ́ṣọ̀n, bóòtù kan la ń yí kó fi ga tàbí kó rẹlẹ̀, agbára irin náà kò sì kúrò ní iye tó wà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tiwa àti ti alágbẹ̀dẹ ti pínyà. A kọjú sí Araromi ní Géètì, a kọjú sí Ládípọ̀ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹni tó ń tà á kò rí ọkọ̀, kò rí ẹrù. Orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì àti ọdún rẹ̀ nìkan ló lè béèrè. Ọmọ iṣẹ́ tó gba fìrídọ́mù láti ìgbà yẹn wá mọ orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ju àwọn ọ̀gá ayé lọ́rì lọ fíìfíì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó béèrè ẹrù. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọjà ló kọ́ gbogbo wa ní ìbéèrè tuntun.

Ká tó dórí ẹrù, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò ńlẹ̀. Jíìpù tó ti lo bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, rọ́bà ni wàhálà rẹ̀ ju irin lọ: bọ́ọ̀ṣì apá ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tí awọ rẹ̀ ti ya, ṣọ́ọ̀kì tó ti jò. Ariwo tí ọkọ̀ ń pa lábẹ́ bó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó bọ̀ wá sí Ọjà'ba, ọ̀dọ̀ wọn ló sábà máa ń wá, sípíríǹgì tó gbówó lórí jù láyé kò sì ní pa á lẹ́nu mọ́. Irin fúnra rẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò. Ká gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ká wọn gíga láti àárín táyà dé etí bọ́dì, lọ́tùn-ún àti lósì. Ká wo ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ kọ́ìlì, torí ibẹ̀ ló ti sábà ń dá, pàápàá lára ọkọ̀ tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, tí ìpẹtà ti wọ ṣáàsì. Bí ó bá dọ́gba, tí kò dá, tí ẹrù rẹ̀ kò sì ju ìyàwó, ọmọ àti àpò ìrẹsì kan lọ, irin tó bá a wá ti tó o. Rọ́bà tuntun àti ṣọ́ọ̀kì tuntun ni kí olówó náà rà.

Àwọn oníbàárà á ní, ṣé ọ̀nà Ìbàdàn yìí la fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò ga gbà? Ọ̀rọ̀ wọn nídìí. Orí òkè ni ìlú àtijọ́ wà, láti Màpó dé Òkè Àrẹ̀, gọ́tà kò sì jìnnà sí táyà láàárín Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká. Ọ̀nà oko tún burú jù ú lọ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n àyè tó wà lábẹ́ Prado àti Land Cruiser ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ẹni tó bá sì fẹ́ fi kún un mọ ohun tó ń rà. Lára ọkọ̀ tí ásììlì rẹ̀ jẹ́ odindi ọ̀pá láti táyà dé táyà, kò sí sípíríǹgì tó lè gbé díìfù kúrò nílẹ̀. Bọ́dì nìkan ló ń gbé sókè. Táyà tó tóbi ló ń gbé díìfù. Lára èyí tí táyà iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá gbéra, bóòtù tọ́ṣọ̀n tí a yí tàbí rọ́bà tí a kì sórí kọ́ìlì yóò gbé ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àyè tí táyà fi ń sọ̀kalẹ̀ wọ kòtò. Ọkọ̀ á ga, á sì le. Ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú á máa ṣiṣẹ́ ní ìtẹ̀sí, rọ́bà rẹ̀ á ya, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì á tètè gbó. Ọkọ̀ tí a gbé ga tún tètè ń fì, ìyẹn sì léwu gan-an lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, níbi tí kálukú ti ń sáré. Ẹni tó ń wọ oko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, pẹ̀lú kọ́ìlì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ara wọn, mi ò ní bá a jà. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju Pópó Yemọja sí Dùgbẹ̀ lọ, táyà gidi ni kó fi owó yẹn rà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹkáníìkì ní àtakò tiwọn: sípíríǹgì tó le ló ń pẹ́, nítorí náà kó le sí i. Obìnrin tó ń ru ẹrù l'Ọ́jà'ba kì í ká òṣùká àpò gàrí láti fi ru abọ́ ata. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó gbé báńpà irin, ẹ̀rọ ìfàkọ̀ àti táǹkì epo kejì nígbà gbogbo, tí a bá fi sábẹ́ jíìpù tó ṣófo, kò ní tẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Táyà á máa fò kúrò nílẹ̀ lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, bíréèkì kò sì lè mú táyà tí kò kan ilẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì tí sípíríǹgì kọ̀ láti gbà, ara ṣáàsì àti ẹ̀yìn èrò ló ń lọ. Old Man Emu tí a fi ń yangàn gan-an, ju irú sípíríǹgì kan lọ ni wọ́n ń tà fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n sì fi pín in. Ìbéèrè àwọn àgbà ayé lọ́rì ni àwọn òyìnbó yẹn ń béèrè.

Ti Lexus ló gba àlàyé jù. GX470, àpò rọ́bà aláfẹ́fẹ́ ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àpò náà bá ya, kọ́ìlì tó bá ẹrù mu lè rọ́pò rẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀. LX470 kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tí ẹ̀rọ ń tì, pẹ̀lú gáàsì inú bọ́ọ̀lù irin, ló ń ran sípíríǹgì rẹ̀ lọ́wọ́. Kọ́ìlì ẹ̀yìn àti tọ́ṣọ̀n iwájú kò gbé ju apá kan ìwúwo ọkọ̀ náà lọ, epo ló gbé ìyókù. Bí gáàsì bá ti dín nínú bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ á le gbagidi. Ohun tó wọ́pọ̀ nígbà náà ni pé wọ́n á yọ ẹ̀rọ epo kúrò, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì lásán rọ́pò rẹ̀, wọ́n á fi irin àtijọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀, wọ́n á ní ṣọ́ọ̀kì ni kò dáa, wọ́n á ra òmíràn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ń gbé ọkọ̀ náà ì bá ti mọ̀ pé kọ́ìlì àti tọ́ṣọ̀n tó lágbára sí i gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí ẹ̀rọ epo náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó ní in fi í sílẹ̀. Ìtura rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Bí ó bá máa yọ ọ́, kó yọ ọ́ tán.

Owó ni àtakò tó ṣòro jù. Àlòkù kò wọ́n tó tuntun, ayédèrú sì pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní tuntun. Ìdájọ́ tèmi ni pé irin àlòkù ṣeé rà, torí a lè rí i, a lè wọ̀n ọ́n. Ṣọ́ọ̀kì àlòkù, rárá: inú rẹ̀ kò ṣeé rí, ẹni tó yọ ọ́ l'ókè òkun kò sì yọ ọ́ nítorí pé ó dáa. Rọ́bà àlòkù kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. KYB tuntun ti Japan, lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á padà bó bá jò, sàn ju Bilstein tí ẹlòmíì ti lò gbó. Ọ̀nà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì onítúùbù kan máa ń tètè tutù lórí ìrìn jíjìn, ṣùgbọ́n òkúta tó bá lu ara rẹ̀ wọlé lè há písítìn rẹ̀ mọ́. Onítúùbù méjì gba irú ìlù bẹ́ẹ̀ mọ́ra jù. Ní ti Highlander, tí gbogbo wa ń pè ní jíìpù, ìdí Camry ni wọ́n gbé e kà, kí ẹnikẹ́ni má fi owó ṣòfò láti gbé e ga.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ wọn ní ìbéèrè yìí kí wọ́n tó gba fìrídọ́mù. Ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó mú ọkọ̀ wá, ẹ sọ iye èèyàn tó ń jókòó sínú rẹ̀, ohun tó ń wà nínú búùtù rẹ̀, àti oko tàbí títì tó ń gbà. Bí mẹkáníìkì kò bá béèrè, ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti ń dárúkọ sípíríǹgì kí ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ wá ẹlòmíì.