Àpótí Iná Ojúde Ilé

Bí ènìyàn bá rìn láti Mákun dé Òfin ní Ṣágámù, tàbí tí ó bá gba ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lọ, yóò rí àpótí kéékèèké lára ògiri ìta ilé àti lára òpó, òmíràn irin, òmíràn ike. Inú wọn ni fíúùsì àti mítà wà, ibẹ̀ sì ni wáyà tí ó ti orí òpó wá ń gbà wọlé. Iṣẹ́ wa a máa mú wa wọ agbo ilé púpọ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń kíyè sí àwọn àpótí wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ìlẹ̀kùn mọ́. Okùn ni a fi de òmíràn. Òmíràn sì ni àwọn ìyá wa so okùn ìsáṣọ mọ́, tí omi aṣọ tútù ń kán sí abẹ́ rẹ̀.

Bí a bá sọ̀rọ̀, èsì tí a ń gbà ni pé, "Ẹ má ṣèyọnu, fíúùsì wà níbẹ̀." Èsì yìí ni ó mú wa gbé kálàmù, nítorí pé wáyà ni fíúùsì ń gbà là, kì í ṣe ènìyàn. Fóòtì 230 ni iná ilé wa. Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ wátì 60 ń fa bí ìdá kan nínú mẹ́rin áńpù kan. Fíúùsì ojúde, ní tirẹ̀, lè jẹ́ ti áńpù 60, kò sì ní jó títí iná tí ń gbà á kọjá yóò fi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ohun tí gílóòbù yẹn ń fà, bí ó bá gba àyà ènìyàn kọjá, ó tó láti da ọkàn rẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní RCD, èyí tí a ṣe nítorí ènìyàn, fi ń já iná bí áńpù 0.03 péré bá ṣìnà. Ọmọ lè kú ní ìdí àpótí kí gílóòbù yàrá má tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n yọ fíúùsì, tí wọ́n fi wáyà bàbà nínípọn dípò rẹ̀ kí ó má baà máa jó. A kò mọ orúkọ tí a lè pe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ kan tí a mọ̀, ìlẹ̀kùn àpótí já sílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Onílé ní ti NEPA ni (bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ń pe àwọn oníná, bí NEPA tilẹ̀ ti kógbá sílé láti 2005). Àwọn ayálégbé ní ti onílé ni. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọdékùnrin ọdún mẹ́rin kan gun orí àpótí ìjókòó, ó mú irin agboòrùn tí ó ti kán lọ́wọ́, ó sì nà án sí ojú ihò náà. Ìyá àgbà tí ń ṣa ẹ̀wà ni ó rí i, tí ó fà á ní ṣòkòtò sẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni owó ìlẹ̀kùn pé. Àwọn tí kò ní lánàá sì rí tiwọn san.

Ìlẹ̀kùn nìkan kò tó. Láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Rẹ́mọ, wáyà tí ó bá sì ti òkè wọ àpótí ni omi máa ń tọ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ gbà á wọlé láti ìsàlẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ná kí omi lè kán sọnù, kí ó sì dí àwọn ihò tí alángbá àti èèrà ń gbà wọlé. Àpótí onírin gbọ́dọ̀ ní ẹ́ẹ̀tì, èyíinì ni wáyà tí ó so ó mọ́ ọ̀pá bàbà tí a rì mọ́lẹ̀. Láìsí i, bí wáyà kan bá bó nínú rẹ̀, gbogbo ara àpótí ni yóò di iná. Ní ìgbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, agbára ẹ́ẹ̀tì a máa dínkù, ó sì yẹ kí a tún un yẹ̀ wò.

Bí a tilẹ̀ pa iná nínú ilé, iná ṣì wà nínú àpótí ìta, nítorí pé láti òpó ni ó ti ń bọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí baálé ilé yóò fi ọ̀bẹ tú wò. Àjọ NEMSA ni ìjọba àpapọ̀ fi àyẹ̀wò iṣẹ́ iná sí lọ́wọ́, ó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Kí a bèèrè ìwé náà kí a tó gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí iná bá mú ẹnìkan ní ìdí àpótí, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí ọ̀nà láti já iná náà, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù, bí ó tilẹ̀ ní ara òun ti dá. Ṣùgbọ́n wáyà tí ó já láti orí òpó ni kí ẹ jìnnà sí pátápátá. Igi gbígbẹ kò ran tirẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn oníná.