Ọ̀gà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lẹ́nu ayé tó, ẹ sin agẹmọ sínú ilé yín. Bí ènìyàn bá sin ajá, bó sin ológbò, bó sin ẹyẹlé, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n agẹmọ kẹ̀! Wọn á ní oògùn lẹ fẹ́ fi ṣe. Wọn á ní májèlé ni itọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti gbọ́ láti ọdún méjì tí ọ̀gà kan ti ń bá mi gbé n'Ìbàdàn níbí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé agẹmọ kò lóró. Kì í ta, kì í lé ènìyàn, kì í sì í gé ni jẹ àyàfi tí a bá fún un mọ́wọ́.

Ọ̀gà náà ni mo ń pè é. Àwọn ọmọ ilé wa ló yí i padà sí Ọ̀gá, nítorí ìrìn rẹ̀. Kì í kánjú. Yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè, yóò mì síwá, yóò mì sẹ́yìn, kó tó gbé e kalẹ̀, àfi bí olóyè tó ń bọ̀ lágbo. Màámi sọ fún wọn pé kò lè ṣe kó má rìn bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni Olódùmarè rán wá wò ó nígbà ìwáṣẹ̀ bóyá ilẹ̀ Ifẹ̀ ti le tó láti tẹ̀. Ẹni tó ti kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ rírọ̀, ṣé yóò sáré?

Inú ilé aláwọ̀n tí mo kàn sí ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, lórí ẹ̀ka gúáfà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Máàṣì, ológbò kan láti ilé kejì fa àwọ̀n náà ya. Kí n tó sáré débẹ̀, ó ti gbá ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún Ọ̀gà mú sẹ́nu. Mo kígbe, ó jù ú sílẹ̀, ó sá lọ. Eegun ti yọ síta. Ojú eyín wà níhà rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ara rẹ̀ sì ti dúdú bí èédú.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ibi tí agẹmọ bá dúró sí ló ń fara wé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó bá ń ṣe é ló ń hàn lára rẹ̀: ìbínú ni o, ẹ̀rù ni o, òtútù tàbí ìrora. Ní 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Geneva ní Switzerland yẹ irú agẹmọ kan láti Madagásíkà wò. Wọ́n rí i pé àwọn hóró wẹ́wẹ́ kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí wà nínú awọ rẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, àwọ̀ kan ni a ó rí. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ó di òmíràn. Bí agẹmọ bá dúdú kirikiri, tó di ojú mọ́jú lọ́sàn-án gangan, ẹ mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ajá àti màlúù ló ń wọlé tọ̀ ọ́ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú mi, ó gbé Ọ̀gà sórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù 38! Ẹyin adìẹ kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ìgbátí igi ìṣáná kan ti eegun náà, ó dì í. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta la ó máa gún un lábẹ́rẹ́, apá iwájú la ó sì máa gún, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn ara rẹ̀ bọ̀ a máa gba inú kíndìnrín kọjá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa yá oòrùn o. Ara rẹ̀ kì í mú ooru wá fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Bó bá tutù, oògùn ò ní ràn."

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ náà ti gbẹ, ó ti ń rùn. Dókítà ní bí òun bá gé e, ó lè kú sórí tábìlì. Bí òun ò bá gé e, yóò kú dandan. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ń ta lékuléja l'Ọ́jà Bódè wá bá mi. N kò mọ ẹni tó sọ fún un.

"Bùọ̀dá, ẹ tà á fún mi kó tó kú. Òòyẹ̀ ni mo fẹ́. Owó tẹ́ ẹ ti fún dókítà, màá san án lé."

Mo wo owó tó kà sọ́wọ́. Oṣù ò tíì parí, n ò sì lówó abẹ́rẹ́ tó kù. Màámi gan-an ní, "Ọkọ mi, gbà á. Alágẹmọ ni, kì í ṣe ènìyàn." Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo Ọ̀gà níbi tó ti fi ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ìrù di ẹ̀ka mú, tí kò jẹ́ já bọ́. Mo ní bí òun kò bá tíì jọ̀wọ́ ẹ̀ka, èmi náà ò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo yá owó, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Ìtọ́jú ló wá kù. Agẹmọ kì í mu omi inú abọ́. Omi tó ń kán lára ewé ló mọ̀. Nítorí náà mo ń fi ìka wọ́n omi sára ewé láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, mo mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, mo sì ń kán an sí i lẹ́nu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbé e sóòrùn àárọ̀, nítorí oòrùn ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lè lo ohun tí ń mú eegun le. Mo lọ èèpo ẹyin kúnná, mo fi yí ìrẹ̀ lára fún un. Kò jẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi jẹ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejìlá, Màámi ló wà níbẹ̀. Ojú òsì ń wo òkè, ojú ọ̀tún ń wo ìrẹ̀. Nígbà tó yá, ojú méjèèjì pàdé síwájú. Ó mì díẹ̀. Fìrì! Ahọ́n yọ, ó gùn ju ara rẹ̀ lọ, ìrẹ̀ ti wọlé. "Yéè!" ni Màámi ké, ó pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ọ̀gá ti jẹun?"

Bí ìrù aláǹgbá bá já, òmíràn a hù. Ti agẹmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn. Mo kó àwọn ẹ̀ka ńlá kúrò, mo fi tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò wọn, mo to wọ́n súnmọ́ra. Ìrù rẹ̀ ló fi dípò ẹsẹ̀ tó lọ. Àwọ̀ ewé ti padà sára rẹ̀.

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Wọn kò sọ iye ẹsẹ̀ tí yóò fi jó. Lékuléja tún kọjá lọ́jọ́ sí, ó béèrè pé ṣé kò tíì kú. Mo ní rárá, ó ń jó.