Òkè Tí À Ń Gùn, Ilé Ẹnìkan Ni

Tí ẹ bá jáde ní ìdájí ọjọ́ Sátidé ní Accra, ẹ ó rí wọn lẹ́bàá títì: àwọn ọ̀dọ́ tó wọ bàtà kánfáàsì, tí wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn lọ gun òkè. Àwọn kan ń lọ sí Aburi, àwọn kan sí Shai Hills, àwọn tó lókun jù a sì máa dé Afadjato ní agbègbè Volta, òkè tó ga jù ní Ghana. Èmi náà máa ń bá wọn lọ. Àwọn ìyá àgbà ládùúgbò wa ní Mamobi kò sì yé bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ọmọ mi, kí lo lọ gbé bọ̀ lórí òkè?" Lójú tiwọn, ẹni tó bá rìn jìnnà gbọ́dọ̀ gbé nǹkan dé, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe igi ìdáná. Ìrìn tí èèyàn tún ń sanwó lé lórí rú wọn lójú.

Ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n dání. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí à ń tọ̀ lórí àwọn òkè yìí, ẹsẹ̀ àwọn tó ń ru ẹrù ló là wọ́n. Àwa tí à ń gbafẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú Shai Hills. Trotro tó ń lọ sí Kpong tàbí Akosombo yóò já yín sílẹ̀ lẹ́nu géètì, nítòsí Doryumu, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá Afienya. Ẹ ó sanwó, wọn yóò sì fún yín ní ẹni tí yóò mú yín rìn. Igbó ọba ni, ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 51 níbùú lóròó. Àwọn ọ̀bọ a máa jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bí aṣọ́bodè, àgbọ̀nrín ń jẹko lọ́ọ̀ọ́kán, àdán kún inú ihò àpáta. Tí ẹ bá gorí òkè, ẹ ó rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ gbọọrọ sí ìhà gúúsù, síbi tí Prampram àti Ningo wà létí òkun. Ẹni tó ń gbé Mamobi, níbi tí ògiri ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ògiri èkejì, yóò gbà pé owó tí òun san kò ṣègbé.

Ọ̀rọ̀ kan ni mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ lẹ́nu àwa tí à ń lọ síbẹ̀: pé igbó tí ọwọ́ ọmọ aráyé kò tíì kàn ni. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Àfọ́kù ìkòkò wà níbẹ̀, òkúta tí wọ́n tò bí ògiri ṣì wà. Àwọn ará Shai, tí wọ́n ń sọ èdè Dangme, ló fi orí àwọn òkè yẹn ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ìran, ìkòkò tí àwọn obìnrin wọn ń mọ sì lókìkí. Ní 1892 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí àwọn Krobo, ìbátan wọn, lórí òkè tiwọn tí ẹ ó rí níwájú lójú ọ̀nà Kpong. Gómìnà Griffith fòfin de àwọn òrìṣà wọn kan, ó fòfin de Dipo, ètò tí wọ́n fi ń sọ ọmọbìnrin di àgbà, ó sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta péré láti kúrò. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni oko àwọn Krobo wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, ṣùgbọ́n orí òkè ni ilé. Orí òkè ni wọ́n ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé òkú wọn padà sí láti sin ín. Ọ̀nà tí à ń pè ní ọ̀nà ìgbafẹ́ lónìí, ọ̀nà oko ni, ọ̀nà ọdún ni, ọ̀nà ìsìnkú sì ni. Epo tí wọ́n ń gbé gba ọ̀nà wọ̀nyí fún wọn lágbára pẹ̀lú. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn lé wọn ní 1858, wọ́n di epo wọn mú, wọn kò tà á fún àwọn oníṣòwò tí ìjọba ní kí wọ́n gba owó náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò parí títí di 1866.

Bákan náà ló rí ní òkè Akuapem tí Aburi wà. Lẹ́yìn tí Tetteh Quarshie gbin kókó sí Mampong ní 1879, kókó ni àwọn èèyàn ń rù, tí wọ́n tún ń yí nínú àgbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, kí ọkọ̀ tó dé.

Kí ló kan Yorùbá nínú èyí? Ó kàn wá. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town, tí kò jìnnà sí Mamobi, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló palẹ̀ ẹrù mọ́, tí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba. Àlejò ni wá ní Accra. Onílé ni Shai àti Krobo lórí òkè wọn, tiwọn sì burú jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ka ọjọ́ fún rí kò yẹ kó gba orí ilé ẹlòmíràn kọjá kó máa pè é ní igbó.

Nílé, a ní àpẹẹrẹ tó yàtọ̀. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè náà ń gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn lónìí, ààfin àtijọ́ ni yóò bá lókè, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé. Kò sí bó ṣe lè sọ pé òun kò mọ̀ pé èèyàn gbé ibẹ̀ rí. Ní Shai, ohun tó ṣẹ́kù kò tó báyẹn, ẹnu ẹni tó ń mú yín rìn ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà wà. Tí ẹ bá fi orin di etí, ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé kí a má gun òkè mọ́ ni?" Rárá o. Ẹ wo bí ilé ṣe ń rọ́ bọ̀ láti Ashaiman àti Afienya, ẹ wo àwọn tó ń fọ́ òkúta lágbègbè yẹn. Bí kì í bá ṣe pé ó jẹ́ igbó ọba, ta ló mọ ohun tí ìbá ṣẹ́kù? Owó tí à ń san ń ṣe ibẹ̀ láǹfààní. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Àwọn ará Shai ṣì ní ojúbọ nínú igbó náà, wọ́n sì ń lọ síbẹ̀. Òfin tó dáàbò bo àgbọ̀nrín ló sọ ọmọ onílé di ẹni tó ń gba ẹnu géètì wọ ojúbọ baba rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ tó bá ń kó èèyàn lọ béèrè orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan ní èdè Dangme, kí wọ́n sì máa fi orúkọ náà pè é. Kí wọ́n gba ọmọ ibẹ̀ ní afinimọ̀nà, kí wọ́n sanwó fún un bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó. Kí wọ́n ra oúnjẹ ní Doryumu tàbí Dodowa dípò kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ ti Accra lọ. Bí àwọn onílé bá ń ṣe ètùtù, kí a yà fún wọn, kí a sì fi fóònù wa sápò.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ìkìlọ̀ ni òwe yẹn, kò dá àlejò láre. Wọ́n tún ní abèèrè kì í ṣìnà. Tí a bá dé orí òkè, ká béèrè ibi tí ọ̀nà já sí, ká sì tún béèrè ẹni tó là á.